Oyè Láti Òkèèrè: Ìtàn Tí Ó Yẹ Kí Olùkọ́ Mọ̀ Kí Ó Tó Yàn

Ìbéèrè kan wà tí ó ń dààmú ọ̀pọ̀lọpọ̀ olùkọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lónìí. Olùkọ́ tí ó ti ń kọ́ni fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àwọn àgbà sì ti ń wò ó bí ẹni tí yóò di ọ̀gá ilé-ìwé ní ọjọ́ kan, a máa rò nínú ara rẹ̀ pé oyè àkọ́kọ́ tí òun gbà ní yunifásítì kò tó mọ́. Ó ń fẹ́ oyè kejì, èyí tí a ń pè ní másítà, nínú ẹ̀kọ́ ìdarí àti ìṣàkóso. Ṣùgbọ́n kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí owó oṣù náà ni ó fi ń tọ́ àwọn ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè fi ilé sílẹ̀, nítorí òbí arúgbó ń bẹ lọ́rùn rẹ̀. Nígbà náà ni yóò gbọ́ pé a lè kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ láti òkèèrè, kí a jókòó sílé, kí ìwé sì máa wá bá ni. Yunifásítì kan ń pè é láti Èkó, òmíràn láti Àbújá, òmíràn láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èwo ni kí ó yàn nínú wọn?

Kò sí ibi tí ó tún yẹ kí a ti bèèrè ọ̀rọ̀ yìí ju Ìjagun lọ, ní ẹ̀bá Ìjẹ̀bú-Òde. Níbẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn olùkọ́ wà, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1978 gẹ́gẹ́ bí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí ó di yunifásítì ní ọdún 2005, tí ìjọba àpapọ̀ sì gbà sí ọwọ́ ara rẹ̀ ní ọdún 2025. Orúkọ Tai Solarin ni ó ń jẹ́. Iṣẹ́ ibẹ̀ ni láti sọ ènìyàn di olùkọ́. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ bí olùkọ́ ti ń di olórí, kí ó kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ìtàn. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ilé ná.

Títí di ọdún 1892, àwọn Ìjẹ̀bú di ọ̀nà wọn mú ṣinṣin. Àwọn ni wọ́n wà láàárín ọ̀sà àti àwọn ìlú òkè, wọn kò sì fẹ́ kí àlejò gba ilẹ̀ wọn kọjá lọ ṣòwò. Àwọn oníwàásù pàápàá kò rí àyè wọlé. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà ni ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun wọn ní Ìmàgbọn, ọ̀nà sì ṣí. Ohun ìyanu ni pé àwọn ènìyàn kan náà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ìwé fún ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n wá fi ìtara gbá a mú ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ. Ilé-ìwé hù káàkiri. Ní oṣù kìíní ọdún 1913, kò tíì pé ọdún 21 lẹ́yìn ogun náà, a dá Ijebu-Ode Grammar School sílẹ̀.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ lókìkí jù nínú àwọn tí ó ṣe ọ̀gá ilé-ìwé náà ní àtijọ́ ni Ẹni-Ọ̀wọ̀ Israel Oludotun Ransome-Kuti. Ẹ kíyè sí oyè tí ó ní. Fourah Bay College ní Freetown ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n oyè Yunifásítì Durham ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà. Báwo ni èyí ṣe lè rí bẹ́ẹ̀? Láti ọdún 1876 ni Durham ti so Fourah Bay mọ́ ara rẹ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọn kò kúrò ní etíkun Áfíríkà ń ṣe ìdánwò Durham, tí wọ́n sì ń gba oyè rẹ̀. Nítorí náà oyè tí ó ti òkèèrè wá kì í ṣe ohun titun láàárín wa. Òun ni ọ̀nà tí àwọn àgbà ọ̀mọ̀wé wa àkọ́kọ́ gbà, kí yunifásítì kankan tó wà ní Nàìjíríà.

Ẹ tún kíyè sí ohun tí ó fi oyè náà ṣe. Ní ọdún 1926, ó kó àwọn ọ̀gá ilé-ìwé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú jọ sínú ẹgbẹ́ kan. Nígbà tí a dá Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà sílẹ̀ ní ọdún 1931, òun ni a fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Kò sí ẹni tí ó fún un ní ìwé ẹ̀rí pé ó gbọ́n nínú ìdarí. Ilé-ìwé tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ti kọ́ ọ.

Ọ̀nà kejì tún wà tí ó ṣí sílẹ̀ ju ti Durham lọ, nítorí ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní ọdún 1858, Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù pinnu pé ẹnikẹ́ni tí ó bá yẹ lè wá ṣe ìdánwò òun, ibi yòówù kí ó ti kẹ́kọ̀ọ́, ìbáà ṣe nínú iyàrá ara rẹ̀. Ní ọdún 1878, ó ṣí oyè rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn obìnrin pẹ̀lú. Akẹ́kọ̀ọ́ ìta ni a ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Yunifásítì náà kì í kọ́ ọ ní ohunkóhun. Ìdánwò nìkan ni ó ń ṣe fún un. Nítorí náà àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn dìde tí wọ́n ń fi lẹ́tà kọ́ni. Ọ̀kan nínú wọn ni Wolsey Hall ní ìlú Oxford, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1894. Wọn a fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ a ka á, a kọ ìdáhùn, a fi í ránṣẹ́ padà. Olùkọ́ tí kò mọ ojú rẹ̀ rí a fi gègé ṣe àtúnṣe sí i, a sì dá a padà.

Kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé yìí fi ojú inú wo bí èyí ti nira tó ní Nàìjíríà ní àkókò náà. Ọkọ̀ òkun tí ń gbé lẹ́tà a máa lo bí ọ̀sẹ̀ méjì láti Liverpool dé Èkó. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bèèrè ohun tí kò yé e, ó lè di oṣù kejì kí ìdáhùn tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Kò sí iná mànàmáná ní ọ̀pọ̀ ìlú. Àtùpà ni wọ́n fi ń kàwé lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Kò sí ilé ìkówèésí nítòsí, kò sì sí ẹlẹgbẹ́ tí a ó jọ jiyàn. Nígbà tí ọjọ́ ìdánwò bá sì pé, a kò ní dẹ ìdánwò sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nítorí pé ọ̀nà rẹ̀ jìn.

Síbẹ̀ àwọn kan là á já. Alvan Ikoku ti Arochukwu ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní Awka nígbà tí ó gba oyè Lọ́ńdọ̀nù nínú ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ èrò ní ọdún 1928. Ó tún dá Aggrey Memorial College sílẹ̀ ní ìlú rẹ̀. Òun ni ẹni tí àwòrán rẹ̀ wà lára owó náírà mẹ́wàá.

Ní ẹ̀bá wa níbí, a rí Obafemi Awolowo, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, tí a bí ní ọdún 1909. Ó ti ṣe olùkọ́, ó ti ṣe akọ̀wé ní Wesley College ní Ìbàdàn, ó ti ṣe oníròyìn, ó ti ṣòwò irè oko, ó ti fi ọkọ̀ ṣiṣẹ́, ó sì ti jẹ gbèsè nínú òwò. Ó tún jẹ́ akọ̀wé fún ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀. Láàárín gbogbo wàhálà yìí ni ó ń ka ìwé Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ìta, ó sì gba oyè nínú ẹ̀kọ́ ìṣòwò ní ọdún 1944, nígbà tí ogun ńlá ṣì ń jà tí àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì sì ń lépa ọkọ̀ ní ojú òkun. Ọdún kan náà ni ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ ẹ̀kọ́ òfin. Nígbà tí ó di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Ètò náà gba ìṣirò owó, ìkójọ olùkọ́ àti kíkọ́ ilé. Iṣẹ́ ìṣàkóso gan-an ni.

Kí ni a rí kọ́ lára àwọn ọkùnrin yìí? Èkíní, oyè wọn ní iyì nítorí pé ẹni tí ó ṣe ìdánwò fún wọn kò mọ̀ wọ́n, kò jẹ wọ́n ní gbèsè, kò sì ní èrè kankan nínú kí wọ́n yege. Èkejì, Ikoku àti Awolowo ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kí ìwé tó dé, ohun tí wọ́n kà ní alẹ́ sì rí ibi tí yóò gbé ṣiṣẹ́ ní òwúrọ̀.

Ó tọ́ kí a gbọ́ ti ẹnì kejì pẹ̀lú, kí a má ba à dá ẹjọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Tai Solarin, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ bákan náà, tí a bí ní ọdún 1922, kò dúró sílé. Ó bá àwọn ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ nígbà ogun, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Manchester. Nígbà tí ó padà dé, ó di ọ̀gá Molusi College ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní ọdún 1952, ó sì dá Mayflower School sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1956. Ẹni tí ó bá lè lọ, tí ó sì ní ọ̀nà, ó ní ohun tí yóò rí ní àárín àwọn akẹgbẹ́ àti olùkọ́ tí ìwé àfiránṣẹ́ kò lè fún un. Kò yẹ kí a fi ẹ̀kọ́ àtòkèèrè tan ẹnikẹ́ni pé kò ní àléébù. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: Awolowo dúró, Solarin lọ, a sì mọ àwọn méjèèjì nípa iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, kì í ṣe nípa ọ̀nà tí ìwé ẹ̀rí wọn gbà wọlé.

Nígbà tí a dá yunifásítì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1948, oyè Lọ́ńdọ̀nù ni ó kọ́kọ́ ń fi fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, títí ó fi dá dúró ní ọdún 1962. Láti ìgbà náà ni àwa fúnra wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà láti máa fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí ara wa. Yunifásítì Èkó dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àfiránṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1974. Ẹ̀kọ́ ìṣòwò wà lára ohun tí ó fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1976, nígbà tí ìjọba fẹ́ kí gbogbo ọmọ lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí olùkọ́ kò sì tó, a dá National Teachers' Institute sílẹ̀ ní Kàdúná, tí ó wá ń kọ́ àwọn olùkọ́ láìmú wọn kúrò nínú kíláàsì.

Ní oṣù keje ọdún 1983, ìjọba Shehu Shagari fi òfin dá yunifásítì kan sílẹ̀ tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ yóò jẹ́ ti ẹ̀kọ́ àtòkèèrè, èyí tí a ń pè ní National Open University. Kò pé ọdún kan tí àwọn ológun tí wọ́n gba ìjọba fi tì í, ní oṣù kẹrin ọdún 1984. Ọdún 17 gbáko ni ilẹ̀kùn náà fi wà ní títì kí ìjọba Olusegun Obasanjo tó ṣí i ní ọdún 2001. Ìbànújẹ́ ni èyí jẹ́ fún àwọn tí wọ́n ti gbẹ́kẹ̀ lé e, nítorí ẹni tí ó jẹ́ ọmọ 30 ọdún nígbà tí a tì í ti di ẹni 47 kí a tó ṣí i. Obasanjo fúnra rẹ̀ sì wá di akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ lẹ́yìn tí ó kúrò lórí oyè. Ní ọdún 2018, nígbà tí ó ti pé ẹni 80 ọdún, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìsìn Kristi.

Ní ilẹ̀ mìíràn pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Open University ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ìwé àṣẹ ní ọdún 1969, ó sì gba akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ọdún 1971. Yunifásítì South Africa bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé ránṣẹ́ kọ́ni ní ọdún 1946. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Nelson Mandela ti gba oyè òfin ní ọdún 1989, nígbà tí ó ṣì wà lẹ́wọ̀n. Ní ọdún 1994, ó di ààrẹ orílẹ̀-èdè rẹ̀. Bí àwọn àgbà ti wí, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ṣùgbọ́n níbi tí ọjà bá ti gbóná, ayédèrú kì í pẹ́ dé. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, akọ̀ròyìn ọmọ Nàìjíríà kan fi hàn nínú ìwé ìròyìn pé òun gba oyè yunifásítì láti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, láìkọ́ ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí ó gba ọdún púpọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba Nàìjíríà dá ìfọwọ́sí oyè láti Bẹ̀nẹ̀ àti Togo dúró. Kì í ṣe pé kò sí yunifásítì rere ní àwọn ilẹ̀ méjèèjì, ó wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò náà rọ̀, ó pa olóòótọ́ pọ̀ mọ́ ẹlẹ́tàn. Ẹni tí ó fi òótọ́ inú kẹ́kọ̀ọ́ ní Kùtọ́nù rí i tí a ń fura sí ìwé rẹ̀ nítorí ìwà ẹlòmíràn. Èyí ni ewu tí ó wà nínú yíyàn: oyè kì í ṣe ti ẹni tí ó gbà á nìkan, iyì ẹni tí ó fi í fún un ni ó gbé wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sọ́dọ̀ olùkọ́ wa ní Ìjagun, kí a fi ohun tí ìtàn ti sọ dá a lóhùn.

Kí ó kọ́kọ́ bèèrè pé ta ni ó mọ oyè náà. Bí ó bá jẹ́ ti Nàìjíríà, àjọ ìjọba tí ń bójútó àwọn yunifásítì, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1962, ni kí ó bi bóyá ó fún ilé-ẹ̀kọ́ náà láṣẹ láti kọ́ni láti òkèèrè, kì í ṣe láti kọ́ni nìkan. Bí ó bá jẹ́ ti ilẹ̀ òkèèrè, kí ó mọ̀ bóyá ìjọba ilẹ̀ náà gbà á, kí ó sì bi àwọn tí ó gbà á síṣẹ́ níhìn-ín bóyá wọn yóò kà á sí. Kí ó gba ìdáhùn náà lórí ìwé, kí ó tó san kọ́bọ̀. Ẹni tí ó bá san owó tán kí ó tó bèèrè, ẹ̀yìn ọjà ni ó dé.

Lẹ́yìn èyí, kí ó bèèrè pé ta ni yóò ṣe ìdánwò fún òun, àti báwo. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń ṣe ìlérí pé kò sí ẹni tí ń kùnà lọ́dọ̀ òun, tàbí pé oyè ọdún méjì lè parí ní oṣù mẹ́ta, ti sọ irú ẹni tí òun í ṣe. Ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́. Lónìí lẹ́tà kì í gba ọ̀sẹ̀ méjì mọ́. Íntánẹ́ẹ̀tì ń gbé e dé ní ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n ìyára náà kò mú kí òye yára. Bí olùkọ́ kan bá wà tí yóò ka ohun tí ó kọ, tí yóò sì sọ fún un níbi tí ó ti ṣìnà, ẹ̀kọ́ ni. Bí kò bá sí, rírà ìwé lásán ni.

Ìbéèrè kẹta ni iṣẹ́ tí oyè náà wà fún. Oyè M.B.A., èyí tí Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ ní ọdún 1908, ti àwọn oníṣòwò ni: owó, ọjà, ilé-iṣẹ́ àti èrè. Oyè M.Ed. nínú ìṣàkóso ẹ̀kọ́ ni ó sún mọ́ ilé-ìwé: ìtọ́sọ́nà àwọn olùkọ́, ìnáwó ilé-ìwé, òfin ẹ̀kọ́, ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú òbí àti alábẹ̀wò. Méjèèjì dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò wà nínú ilé-ìwé títí di ọjọ́ ìfẹ̀yìntì, tí ó wá lọ yan ti oníṣòwò nítorí pé orúkọ rẹ̀ dùn ún gbọ́ ní òde, ó ra àdá fún iṣẹ́ abẹ́rẹ́.

Ìkẹyìn ni pé kí ó wo ara rẹ̀ àti ilé rẹ̀. Láti òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mú ẹkún sun. Wákàtí mélòó ni yóò rí lọ́sẹ̀? Ta ni yóò bójútó àwọn ọmọ ní ọjọ́ ìdánwò? Ǹjẹ́ ó ní owó ọdún kejì, tàbí ti ìkíní nìkan? Ǹjẹ́ ó lè rí olùkọ́ méjì tàbí mẹ́ta ní agbègbè rẹ̀ kí wọ́n jọ forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n máa pàdé ní ọ̀sán Sátidé? Ọ̀pọ̀ tí ó fi ìtara bẹ̀rẹ̀ ni ìdáwà mú kí wọ́n fi í sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, kì í ṣe àìgbọ́n.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ olùkọ́, ìwé ẹ̀rí lè gbé ènìyàn dé orí àga. Kò lè bá a jókòó lórí rẹ̀. Ikoku àti Awolowo kò dúró de oyè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ olórí. Kíláàsì kan tí a fi sí ìkáwọ́ ẹni, ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí a kọ dáadáa, olùkọ́ kékeré tí a fi sùúrù tọ́ sọ́nà, owó ilé-ìwé tí a fi òtítọ́ ṣírò, nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí ni ẹ̀kọ́ ìdarí ti ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, oyè tí ó yẹ kí olùkọ́ Ìjagun yàn ni èyí tí ohun tí ó bá kà nínú rẹ̀ ní alẹ́ Àìkú yóò wúlò fún un ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí yóò sì ṣe ìdánwò rẹ̀ láìṣojúsàájú. Bí ó bá rí irú rẹ̀, ìbáà ṣe láti Èkó, láti Àbújá tàbí láti òkè òkun, kí ó mú un, kí ó sì tan àtùpà rẹ̀.